Títètè san mọ́gèèjì tán ní Ìlú Ọba: ká máa san lé e ni, àbí ká tọ́jú owó náà?

Ẹni tó bá ti yá owó báńkì ra ilé ní Ìlú Ọba, ìyẹn mọ́gèèjì, mọ bí ìwé ọdọọdún yẹn ṣe ń rí lára. Ẹ ti ń sanwó láti January dé December, oṣù kan ò yẹ̀, síbẹ̀ tí ẹ bá wo iye tó kù, àfi bíi pé ẹyẹ kan ṣá díẹ̀ jẹ lára rẹ̀. Báńkì ò rẹ́ yín jẹ o. Bí èlé ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú £200,000, ọdún 25, èlé 4.5%. Owó oṣù rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi £1,111. Nínú èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ san, £750 ti lọ sídìí èlé. £361 péré ló kan gbèsè fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá san án bẹ́ẹ̀ títí ọdún 25 fi pé, èlé nìkan á ti lé ní £133,000. Ẹ ka iye ṣíìfù alẹ́ tó wà nínú ìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń wá bí a ṣe máa san án tán kí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì tó dé. Ọ̀nà ò jẹ́ ẹyọ kan. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni kan máa gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi àpèjẹ, á sì lọ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, láìbéèrè bóyá ọ̀rọ̀ tiwọn jọra. Mo fẹ́ ká gbé àwọn ọ̀nà náà sórí ìwọ̀n kan náà.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹ wá nọ́ńbà méjì àti déètì kan sórí ìwé. Nọ́ńbà kìíní ni èlé tí mọ́gèèjì yín ń gbà lọ́wọ́ yín. Ìkejì ni èlé tí àkáǹtì ìfowópamọ́ máa san fún yín lẹ́yìn tí ìjọba bá ti yọ owó orí. Déètì náà ni ọjọ́ tí fíìsì yín máa parí, ìyẹn àkókò tí báńkì fi de èlé mọ́ ojú kan, ọdún 2 tàbí 5 ló wọ́pọ̀. Láìsí mẹ́ta yìí, ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni ò lè bá yín mu.

Ọ̀rọ̀ owó orí yẹn la máa ń gbójú fò. Ẹni tó wà ní ipele 20% lè gba èlé £1,000 lọ́dún lórí owó tó fi pamọ́ láìsan owó orí kankan. Ẹni tó wà ní 40%, £500 ni tirẹ̀. Ẹni tó wà ní ipele tó ga jù, kò sí nǹkan kan fún un. Ohun tó bá lé lórí iye yẹn, wọ́n á mú nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé èlé 4% á di 2.4% lọ́wọ́ ẹni tó wà ní 40%. Inú ISA, irú àkáǹtì ìfowópamọ́ kan tó yàtọ̀, ni owó orí ò lè dé. Ṣùgbọ́n èlé 4.5% tí ẹ gbà kúrò lórí gbèsè yín, 4.5% gidi ni, ẹnikẹ́ni ò ní bá yín pín in.

Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni bóyá owó náà ṣeé gbà padà. Owó tó bá ti wọ inú mọ́gèèjì ti di ògiri. Ọ̀pọ̀ báńkì kì í dá a padà. Tí ẹ bá tún nílò rẹ̀, ẹ máa tún un yá ni, wọ́n á sì tún yẹ owó oṣù yín wò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìpè òru kan láti ilé pé wọ́n ti gbé Màámi lọ sí ọsibítù, ògiri ò lè dáhùn ìyẹn. Físà ńkọ́? Owó ìlera tí wọ́n ń gbà mọ́ físà nìkan jẹ́ £1,035 fún àgbàlagbà kan lọ́dún kan láti February 2024. Físà ọdún 3 fún ọkọ àti ìyàwó, £6,210 nìyẹn, a ò tíì ka owó fọ́ọ̀mù àti ti ọmọ. Ẹni tí ìyẹn ṣì wà níwájú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ti gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sínú ilé.

Ìtanràn náà wà ńbẹ̀. Nígbà tí fíìsì bá ṣì ń lọ, ọ̀pọ̀ báńkì gbà kí ẹ san tó 10% iye tó kù lọ́dún kan láìsí wàhálà. Tí ẹ bá kọjá ibẹ̀, wọ́n á gba early repayment charge, tó sábà máa ń wà láàárín 1% sí 5%, tó sì ń dín kù bí fíìsì ṣe ń lọ sópin.

Kí ẹnikẹ́ni tó ka ìyókù: tí ẹ bá ní gbèsè káàdì tó ń gba 20% àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ. Tí ẹ kò bá ní owó oúnjẹ, iná àti mọ́gèèjì oṣù 3 nílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kó ìyẹn jọ. Tí ilé iṣẹ́ yín bá sì ṣetán láti fi owó pẹ̀lú èyí tí ẹ bá fi sí owó ìfẹ̀yìntì, ẹ gba tiwọn tán ná. Kò sí èlé mọ́gèèjì tó lè bá owó ọ̀fẹ́ dọ́gba. Ẹ kàn rántí pé ẹ kò lè fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì yẹn títí ẹ fi máa pé ọmọ ọdún 55, tó máa di 57 ní 6 April 2028.

Àsanlé oṣooṣù

Èyí ni pé kí ẹ máa san iye kan lé ohun tí báńkì béèrè, oṣù dé oṣù. Lórí £200,000 wa yẹn, tí ẹ bá ń fi £150 kún un láti ìbẹ̀rẹ̀, gbèsè á tán ní nǹkan bí ọdún 20 àti oṣù kan dípò ọdún 25. Èlé tí ẹ kò ní san mọ́ á lé ní £29,000. £150 ò kéré o, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé á rí i kó jọ nínú owó tó ń yọ lọ láìmọ̀.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí nítorí pé kì í ṣe ẹrù dandan. Oṣù tí nǹkan bá le, ẹ dá a dúró. Báńkì ò ní kọ orúkọ yín sínú ìwé ẹlẹ́bi, níwọ̀n ìgbà tí owó gan-an tó yẹ kí ẹ san bá ti wọlé. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ báńkì lónìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò èlé, nítorí náà bí owó ṣe wọlé ni iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Èmi àti ọkọ mi san £200 lé e lóṣooṣù fún ọdún méjì, a sì gbà pé ọdún gbèsè ń kúrú. Ọjọ́ tí mo fara balẹ̀ ka ìwé, mo rí i pé ọdún tó kù kò kúrú rárá. Ohun tí báńkì ń ṣe ni pé wọ́n ń dín owó oṣù tí wọ́n ń béèrè kù, àwa náà sì ń san £200 lé iye tó ti dín. Owó náà ò sọnù, ó dín gbèsè kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí a ń lọ nìyẹn. Ìpè kan ló yanjú rẹ̀. Ẹ pè wọ́n, ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé ọdún ni kí wọ́n gé, kì í ṣe owó oṣù. Tí wọ́n bá ní ètò àwọn kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí iye tí ẹ ń san látìbẹ̀rẹ̀ yí padà, bí wọ́n tilẹ̀ ń béèrè díẹ̀.

Àsanlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo

Owó bọ̀ọ́nọ̀ọ̀sì, owó ilẹ̀ tí a tà nílé, owó ìdágbére láti ibi iṣẹ́. Tí £10,000 bá wọ mọ́gèèjì wa yẹn níbẹ̀rẹ̀, tí owó oṣù kò sì yí padà, ó gé ọdún 2 àti oṣù 2 kúrò, ó sì gba nǹkan bíi £19,000 èlé kúrò lọ́rùn yín. Bí ó bá ṣe pẹ́ kí ẹ tó san án ni agbára rẹ̀ ṣe ń dín, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ gbèsè ni èlé ti ń jẹun jù.

Ẹ béèrè ọjọ́ tí báńkì yín fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún fún 10% tó bọ́ lọ́wọ́ ìtanràn yẹn. Àwọn kan ń kà á láti January sí December. Àwọn mìíràn, láti ọjọ́ tí ẹ gba owó. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ti January lè san 10% ní December, kó tún san òmíràn ní January, ìtanràn ò sì ní kàn án. Tí ẹ bá ṣèèṣì kọjá iye náà pẹ̀lú £5,000 nígbà tí ìtanràn wà ní 3%, £150 ti lọ nìyẹn, níbi tó bá jẹ́ orí àlékún nìkan ni wọ́n ti ń gbà á. Ẹ kà á nínú ìwé àdéhùn yín.

Ibí yìí ni àjọ ti wọlé, nítorí a ṣì ń dá a ní London àti Manchester gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń dá a lọ́jà. Èèyàn 12, £500 lóṣù, ẹni tó kan á kó £6,000. Kò ní èlé, ṣùgbọ́n ó ní ipá: ojú ń ti èèyàn láti má dá a, ojú ò sì ń ti wa láti má fi owó sí ISA. Ẹni tó kó o nígbà àkọ́kọ́, tó sì sọ ọ́ sórí mọ́gèèjì lọ́jọ́ kan náà, jèrè gidi, nítorí ó ti dín gbèsè kù pẹ̀lú owó tí kò tíì dá tán. Ẹni tó gbẹ̀yìn ti yá àwọn yòókù lówó láìgba nǹkan kan. Ewu rẹ̀ kò farasin: bí ẹnì kan bá kó o tán tó sì sá, kò sí ìjọba tó máa san án padà. Bá àwọn tí ẹ mọ ilé wọn dá a. Kí ẹ sì kọ ẹni tó dá àti ẹni tó kó sílẹ̀, torí báńkì lè béèrè ibi tí £6,000 ti wá.

Kíkó o pamọ́ dìgbà tí fíìsì bá parí

Ẹ rántí pé láti March 2020 títí di December 2021, èlé ìpìlẹ̀ Bank of England wà ní 0.1%. Nígbà tó fi máa di August 2023, ó ti gun 5.25%. Ẹni tó de fíìsì ọdún 5 mọ́lẹ̀ ní 2021 pẹ̀lú èlé 1.8%, bí àpẹẹrẹ, wà ní ipò tí kò wọ́pọ̀: owó tó fi pamọ́ ń mú èlé wá ju èyí tí gbèsè rẹ̀ ń jẹ lọ. £10,000 nínú àkáǹtì tó ń san 4% á mú £400 wá lọ́dún. Lórí mọ́gèèjì 1.8%, £180 péré ló máa gbà sílẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó ń sáré san lé e ń fi owó ṣòfò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ ń dùn.

ISA ni ilé tó yẹ owó yìí. Ààyè £20,000 ló wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún owó orí, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní 6 April. Láti April 2027, cash ISA, ìyẹn ISA tí a ń fi owó lásán pamọ́ sí, ti ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 65 kò ní lè gbà ju £12,000 lọ lọ́dún. Ní ti ààbò, tí báńkì bá kógbá sílé, FSCS, àjọ tó ń dáàbò bo owó àwọn oníbàárà báńkì, máa san tó £120,000 fún ẹnì kan ní báńkì kan, láti 1 December 2025.

Ọjọ́ tí fíìsì bá parí ni ilẹ̀kùn ń ṣí. Láàárín fíìsì àtijọ́ àti tuntun, ẹ lè san iyekíye láìsí ìtanràn. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í rí. Báńkì ń pín èlé sí ipele gẹ́gẹ́ bí gbèsè ṣe tó sí iye ilé: 75%, 60% àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé yín bá tó £260,000, tí gbèsè sì ku £198,000, ẹ wà ní 76%. £3,000 péré á gbé yín wá sí 75% gẹ́lẹ́, èlé gbogbo £195,000 tó kù sì lè dín kù. Kò sí £3,000 mìíràn tó máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ máa wá èlé tuntun ní oṣù mélòó kan ṣáájú o, kí ẹ má bàa já sórí èlé gbogbogbòò báńkì, tó sábà máa ń ga.

Àléébù ọ̀nà yìí wà lọ́wọ́ wa. Owó tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó ni aṣọ ẹbí ń rí, ni ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìbàdàn ń rí.

Offset

Báńkì á so àkáǹtì ìfowópamọ́ yín mọ́ mọ́gèèjì. £200,000 ni gbèsè, £30,000 ló wà nínú àkáǹtì, orí £170,000 ni wọ́n ti máa gba èlé. Àkáǹtì náà kì í san èlé, nítorí náà kò sí owó orí. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ owó yín, ẹ mú un.

Ó dùn létí, ṣùgbọ́n èlé offset sábà máa ń ga díẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 4.8% níbi tí mọ́gèèjì lásán jẹ́ 4.5%. Offset pẹ̀lú £30,000 yẹn á gba £8,160 lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fi £30,000 náà san gbèsè pátápátá lórí 4.5%, £7,650. £510 lọ́dún ni owó òmìnira láti lè mú owó yín padà. Fún ẹni tó ní £5,000 péré, kò yẹ. Fún oníṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń kó owó orí jọ de 31 January àti 31 July, ó dára gan-an: owó ìjọba á máa dín èlé yín kù títí ọjọ́ á fi pé.

Gígé ọdún kúrú

Nígbà tí ẹ bá ń gba fíìsì tuntun, ẹ lè ní kí ọdún 25 di 20. Owó oṣù á di nǹkan bíi £1,265. Ẹ fi wé £1,261 tí ẹni tó ń san £150 lé e ń san: ọ̀kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ìyàtọ̀ ni pé èyí ti di dandan. Tí iṣẹ́ bá bọ́, £1,265 ni wọ́n ń retí, kì í ṣe £1,111. Èmi ò ní yan án níwọ̀n ìgbà tí mo bá lè kó ara mi níjàánu.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀

Ẹni tó fi Help to Buy, ètò tí ìjọba fi ń yá èèyàn lára owó ilé, ra ilé tuntun ní England kí ètò náà tó parí níbẹ̀ ní 2023 ní gbèsè méjì. Ọdún 5 àkọ́kọ́, ti ìjọba kò ní èlé. Ní ọdún kẹfà ó di 1.75%, ó sì ń gòkè lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ìpín nínú iye ilé ni gbèsè náà. 20% ilé £300,000 jẹ́ £60,000. Bí ilé bá di £360,000, gbèsè ti di £72,000 láìjẹ́ pé ẹ tún yá kọ́bọ̀. Ní àdúgbò tí owó ilé ń gòkè, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọjú sí. Mùsùlùmí tó sì gba Home Purchase Plan, níbi tí òun àti báńkì ti jọ ni ilé, kó má bàa san èlé, àsanlé tirẹ̀ jẹ́ ríra ìpín sí i nínú ilé, kí owó ìlò tó ń san lè dín kù. Kó béèrè iye tó kéré jù tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan.

Ta ni kó yan èwo?

Tí fíìsì yín bá jẹ́ ti ìgbà tí èlé kéré, tí àkáǹtì ń san jù ú lọ lẹ́yìn owó orí, ẹ kó o sí ISA, kí ẹ sì kọ déètì òpin fíìsì sára ògiri ilé ìdáná. Tí èlé mọ́gèèjì bá ga ju ti àkáǹtì lọ, tí iṣẹ́ yín fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ẹ sì ní owó oṣù 3 nílẹ̀, àsanlé oṣooṣù ni mo rí fún yín, kódà kó jẹ́ £50. Ẹni tó wà ní ipele 40% tí ISA rẹ̀ sì ti kún, kó sáré san lé e. Oníṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ tàbí ẹni tó ní owó ńlá nílẹ̀ tí kò fẹ́ fi sílẹ̀, offset. Ẹni tí físà rẹ̀ ò tíì di ìwé ìgbélùú títí láé, ISA ni, bí èlé mọ́gèèjì tilẹ̀ ga ju tirẹ̀ lọ díẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ fi ra oorun. Ẹni tó ti mọ̀ pé owó kì í dúró lọ́wọ́ òun, kó gé ọdún kúrú, kí dandan ràn án lọ́wọ́.

Nígbà tó bá wá ku díẹ̀, ẹ má kàn san iye tí ẹ rí lórí fóònù. Ẹ ní kí báńkì kọ iye ìparí gan-an fún yín pẹ̀lú déètì, nítorí èlé ojoojúmọ́ àti owó tí wọ́n ń gbà láti ti àkáǹtì pa lè wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ ti san án, tó bá jẹ́ England tàbí Wales ni ilé wà, ẹ gba ẹ̀dà ìwé ilé yín lọ́dọ̀ HM Land Registry, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń kọ orúkọ onílé sílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti yọ orúkọ báńkì kúrò.